Kí Ààrá Tó Sán

Agogo mẹ́jọ àárọ̀, òjìji òkè ṣì bo ilé wa mọ́lẹ̀.
Oòrùn ti kan òdìkejì àfonífojì,
ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí àlejò tó mọ̀ pé a ti gbé omi kaná,
kò kánjú.
Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọfí
àti ìwé owó-orí láti ìlú ìsàlẹ̀, ojú ewé mẹ́fà.
Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló yé mi,
ọ̀kan nínú mẹ́ta ọ̀hún ni "Madame".

Ọdún kẹta wa rèé ní Les Avrières.
Gethin ti gòkè lọ fi gíríìsì pa kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ
tí ń gbé àwọn tó ń yọ̀ lórí yìnyín.
Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọgọ́fà àga rẹ̀ so rọ̀ lófìfo lókè pápá,
afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jókòó sí wọn.
Màlúù ń jẹko lábẹ́ wọn, agogo lọ́rùn,
ó ń dún tọ̀sán tòru
títí mo fi gbàgbé pé mo ń gbọ́ ọ,
àfi ọjọ́ tó dákẹ́.

Ọjọ́ náà, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń fò nílẹ̀ẹ́lẹ̀,
ikùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan koríko.
Firmin Perroud, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, gbá ilẹ̀kùn wa.
Kò kí wa. Ọkùnrin tó máa ń kí wa títí dórí ológbò!
Ó nawọ́ sí ojú ọ̀run,
ó nawọ́ sí koríko rẹ̀ tó ti gé sílẹ̀ látàná,
ó sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ mi.
Mabli, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò tilẹ̀ gbé orí sókè nídìí búrẹ́dì rẹ̀:
"Ó ní kí gbogbo ẹni tó ní apá máa bọ̀."

A bọ́ sí pápá.
Odile ìyàwó rẹ̀ wà lórí katakata, sálúbàtà lẹ́sẹ̀.
Ifor, ọmọ ọdún márùn-ún, ń gbé koríko tó tó ìtẹ́ ẹyẹ kan,
lọ, bọ̀, lọ, bọ̀,
ó ń làágùn bí ẹni tó ra ilẹ̀ náà.
Koríko gún mi lọ́rùn. Koríko wọ inú àyà mi.
Àtẹ́lẹwọ́ mi léròrò lára fọ́ọ̀kì onígi.
Kò sẹ́ni tó bi mí pé níbo ni mo ti wá:
fọ́ọ̀kì kì í sọ̀rọ̀ bí àjèjì.

Ibẹ̀ ni labalábá kan ti dìde nínú òkìtì,
funfun, àmì pupa róbótó ní ìyẹ́ rẹ̀.
Ifor na ìka: "Papiyọ́ọ̀n!"
Mo ní, "Pili-pala ni, ọkọ mi. Bí a ṣe ń pè é nílé nìyẹn."
Ó wò mí bí ẹni tí mo fún ní owó tí wọn kò ná mọ́.
"Nílé ibo?"

Òjò kán sí mi níwájú orí, ẹyọ kan, ó tutù.
Ọlọ́run ló yọ mí.

Ẹrù ìkẹyìn wọ àká, ààrá sán,
òkè mẹ́ta dá a lóhùn.
A jókòó sórí koríko tó gbóná bí ara ènìyàn,
Odile ń gé wàràkàṣì lórí itan rẹ̀.
Firmin, tí mo rò pé etí rẹ̀ ti di, kọjú sí mi:
"Pili kí ni?"
Mo tún un pè. Ó gbìyànjú,
eyín òkè rẹ̀ kò pé, ọ̀rọ̀ náà yọ̀ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́.
Ó wá sọ ti ìyá tirẹ̀, jẹ́jẹ́,
bí ẹni tó ń wẹ̀yìn kí tíṣà má baà gbọ́,
ọ̀rọ̀ tí pàṣán ti lé kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré.
Mabli gbé orí sókè.
Kò mọ̀ ọ́n.
Ifor ń yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́nu bí súìtì.

Nígbà tí a délé, kọfí mi ti kún fún òjò.
Gethin rin gbingbin, ó ń rùn gíríìsì,
ó ń bi wá pé kí ni koríko ń ṣe lórí wa.
Ìwé owó-orí ti di ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà.
"Madame" nìkan ló ṣì ṣeé kà.